“Delve”: ọ̀rọ̀ agbẹ́lẹ̀ tó di ẹ̀sùn sí akọ̀wé lọ́rùn

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ṣoṣo tí lẹ́tà rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín àwọn olówó ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà àti àwọn ọmọ Nàìjíríà lórí X, tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní Twitter. “Delve” ni ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan ní ẹni tó bá ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ChatGPT, ẹ̀rọ AI tó ń bá ènìyàn kọ̀wé lórí kọ̀ǹpútà, ló bá a kọ lẹ́tà ọ̀hún. Àwọn mìíràn fèsì pé láti ìgbà tí àwọn ti wà nílé ẹ̀kọ́ làwọn ti ń lò ó, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ChatGPT rárá. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ yìí kò tíì rọlẹ̀ tán. Bí wọ́n bá fẹ̀sùn kan akẹ́kọ̀ọ́ pé òun kọ́ ló kọ iṣẹ́ rẹ̀, tàbí tí wọ́n da lẹ́tà ìwáṣẹ́ ẹnì kan nù nítorí òyìnbó inú rẹ̀, “delve” a tún jẹ yọ. Òótọ́ àti àbá sì ti wá lọ́ mọ́ra wọn débi pé ó ṣòro fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ láti mọ èwo ni wọ́n ti wádìí àti èwo ni wọ́n kàn ń sọ.

Báwo ni ìjà náà ṣe bẹ̀rẹ̀?

Paul Graham wà lára àwọn tó dá Y Combinator sílẹ̀ ní 2005, ilé-iṣẹ́ tó ń fi owó sínú iṣẹ́ àwọn oníṣòwò ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde. Àwọn tó ń ṣe irú òwò yìí ní Èkó mọ orúkọ náà dáadáa. Ibẹ̀ ni Paystack, ilé-iṣẹ́ ìsanwó orí íntánẹ́ẹ̀tì, gbà kọjá. Graham kọ ọ́ sórí X pé ẹnì kan fi ímeèlì ránṣẹ́ sí òun láìmọ̀ òun rí, pé ó fẹ́ kí àwọn jọ ṣe iṣẹ́ tuntun kan, àfi bí òun ṣe rí i pé “delve” wà nínú ímeèlì náà. Ó tún ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé lóòótọ́ òun kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn lòun ń wí. Ohun tí òun ń wí ni pé ó jẹ́ àmì pé ChatGPT ló kọ̀wé.

Ká ní ẹlòmíràn ló sọ ọ́ ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá má ràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí èsì ímeèlì rẹ̀ lè yí ìgbésí ayé ọ̀dọ́ kan padà ló sọ ọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà gbọ́ nínú gbólóhùn rẹ̀ ni pé: ẹ lè kọ lẹ́tà yín dáadáa, kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yè kooro, kí wọ́n sì pa á dé nítorí ọ̀rọ̀ kan tí olùkọ́ yín fi yìn yín nígbà kan rí.

Kí ni “delve” túmọ̀ sí gan-an, níbo ló sì ti wá?

Ó túmọ̀ sí kí a gbẹ́lẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn, kò sì sí ọ̀ṣọ́ kankan lára rẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, èyí tí wọ́n ń sọ ní England kí àwọn ará Normandy tó wá ṣẹ́gun wọn ní 1066, “delfan” ni wọ́n ń pè é. Àgbẹ̀ tó ń tú ilẹ̀, ẹni tó ń gbẹ́ kànga, ẹni tó ń gbẹ́ sàréè, “delfan” ni gbogbo wọn ń ṣe. Wọ́n tún ní “bedelfan”, ìyẹn kí a wa ilẹ̀ kí a sì bo nǹkan mọ́ ọn, bí ìgbà tí a bá sin òkú.

Ọ̀rọ̀ náà ní ẹbí lẹ́yìn odi. Àwọn ará Netherlands ṣì ní “delven” nínú èdè wọn títí di òní, ìdí rẹ̀ sì ni ìlú Delft ti gba orúkọ. Omi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ gba àárín ìlú, Delf ni wọ́n ń pè é, orúkọ omi ló di orúkọ ìlú. Ẹni tó bá ti rí àwo tánganran funfun tó ní àwòrán búlúù lára, irú èyí tí wọ́n fi ń pe Delft káàkiri ayé, ti rí nǹkan tí ọ̀rọ̀ agbẹ́lẹ̀ wà nídìí orúkọ rẹ̀. Ní àríwá England pẹ̀lú, àwọn àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta ní “delph”.

Gbólóhùn tó gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ jìnnà jù lọ kò ti ẹnu ọ̀mọ̀wé jáde nítorí àtiṣe fújà. Ní 1381, àwọn mẹ̀kúnnù England dìde sí àwọn onílẹ̀ àti àwọn ìjòyè ọba nítorí owó orí. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ John Ball wàásù fún wọn ní Blackheath, nítòsí London, ó sì bi wọ́n pé: “When Adam delved and Eve span, who was then the gentleman?” Nígbà tí Ádámù ń roko, tí Éfà ń rànwú, ta ni ọlọ́lá nígbà náà? Wọ́n pa Ball lọ́dún yẹn kan náà. Gbólóhùn rẹ̀ kò bá a lọ. Mo rò pé ó yẹ ká dúró díẹ̀ níbí yìí, nítorí àwọn tó ń sọ lónìí pé ọ̀rọ̀ onígírámà ni “delve” kò rántí pé ọ̀rọ̀ ọlọ́kọ́ ni, ọ̀rọ̀ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí.

Ní nǹkan bí ìgbà ayé Ball ni wọ́n túmọ̀ Bíbélì tí a mọ̀ mọ́ orúkọ John Wycliffe sí Gẹ̀ẹ́sì. Nínú Lúùkù orí 16, ẹsẹ 3, níbi tí ìríjú aláìṣòótọ́ ti ń ro ohun tó máa ṣe bí ọ̀gá rẹ̀ bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé “delve” kì í ṣe ohun tí òun lè ṣe, ojú sì ń ti òun láti tọrọ. Bíbélì King James tó jáde ní 1611 ti fi “dig” rọ́pò rẹ̀ níbi kan náà. Nínú Bíbélì Yorùbá, walẹ̀ ni ọkùnrin yìí ní òun kò lè ṣe. Bí “dig” ṣe gba iṣẹ́ ojoojúmọ́ lọ́wọ́ “delve” nìyẹn díẹ̀díẹ̀, tí “delve” wá kù sí ẹnu àwọn akéwì àti àwọn ará oko.

Ṣùgbọ́n kò kú, nítorí ó ti rí iṣẹ́ mìíràn. Nínú Cymbeline, eré Shakespeare, ẹnì kan béèrè orúkọ ọkùnrin kan àti ìran tó ti wá, èkejì sì fèsì pé òun kò lè “delve” rẹ̀ dé gbòǹgbò. Kò sí ilẹ̀ kankan níbẹ̀ mọ́. Ìran ọkùnrin náà ni wọ́n fẹ́ gbẹ́. Ìtumọ̀ kejì yìí ló wá di èyí tí gbogbo ayé mọ̀: kí a wádìí ọ̀rọ̀ kan títí a ó fi kan ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Irú ìrìn yìí kò ṣàjèjì sí wa rárá. Ẹ tú “jinlẹ̀” sí méjì, ẹ óò rí jìn àti ilẹ̀. Ẹ tú “wádìí”, ẹ óò rí wá àti ìdí. A máa ń hú ọ̀rọ̀ jáde bí ẹni hú iṣu, a sì máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ kan ní gbòǹgbò. Ọmọ Yorùbá tó bá kọ “delve into” sínú òyìnbó rẹ̀ kò rìn jìnnà sí ọ̀nà tí èdè ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti máa ronú.

Ṣé òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà pọ̀ sí i lẹ́yìn tí ChatGPT dé?

Òótọ́ ni, ẹni tó bá sì ní irọ́ ni kò wo ẹ̀rí. OpenAI gbé ChatGPT jáde ní ọjọ́ 30, oṣù Kọkànlá, ọdún 2022. Iṣẹ́ ìwádìí tó kà á fínnífínní jù lọ ni ti Dmitry Kobak láti Yunifásítì Tübingen ní Jámánì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó kọ́kọ́ jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2024 kí ìwé àtìgbàdégbà Science Advances tó tẹ̀ ẹ́ ní 2025. Gbogbo ìwé ìwádìí ló máa ń ní ìsọníṣókí níwájú. Wọ́n kó irú ìsọníṣókí bẹ́ẹ̀ tó lé ní 15 mílíọ̀nù jọ láti PubMed, ibi tí wọ́n ń kó ìwé ìmọ̀ ìṣègùn sí, láti 2010 dé 2024.

Bí wọ́n ṣe ka ọ̀rọ̀ náà rọrùn láti lóye. Nígbà àjàkálẹ̀ Kòrónà, àwọn onímọ̀ máa ń wo iye ènìyàn tó yẹ kó kú lọ́dún kan bí nǹkan bá ń lọ bó ṣe máa ń lọ, wọ́n á wá yọ ọ́ kúrò nínú iye tó kú. Ohun kan náà ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ ṣe: mélòó ló yẹ kó jáde, mélòó ló jáde? “Delves” jáde ní 2024 ju bó ṣe yẹ lọ ní ìlọ́po tó lé ní 20. Wọ́n sì ṣírò pé ó kéré tán, ìdá 13.5 nínú 100 àwọn ìsọníṣókí ọdún náà ló ti gba ọwọ́ ẹ̀rọ AI kọjá lọ́nà kan tàbí òmíràn.

Ohun mìíràn tí wọ́n rí tún wúlò. Ní àwọn ọdún tó ṣáájú, bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣàdédé gòkè, orúkọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ni: Ebola, Zika, lẹ́yìn náà gbogbo ọ̀rọ̀ tó rọ̀ mọ́ Kòrónà. Ti 2024 yàtọ̀. “Delves”, “underscores”, “showcasing”, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe gbólóhùn lọ́ṣọ̀ọ́ ni, wọn kò sọ ohunkóhun nípa àìsàn kankan. Kò sí ìṣẹ̀lẹ̀ inú ayé tó lè mú kí àwọn dókítà gbogbo àgbáyé máa “delve” lójijì lọ́dún kan náà.

Kí ló kọ́ ẹ̀rọ náà ní ọ̀rọ̀ yìí?

Níbí ni àbá ti pọ̀ ju ẹ̀rí lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ ká rọra.

Ọ̀nà méjì ni irú ẹ̀rọ yìí ń gbà kẹ́kọ̀ọ́. Àkọ́kọ́, wọ́n á da ìwé rẹpẹtẹ sí i, yóò máa kọ́ èwo nínú ọ̀rọ̀ ló sábà máa ń tẹ̀lé èwo. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gba ènìyàn síṣẹ́, wọ́n á fi èsì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn wọ́n, wọ́n á ní kí wọ́n sọ èyí tó dára jù. Wọ́n á wá tún ẹ̀rọ náà ṣe kó lè máa sọ̀rọ̀ bí èyí tí àwọn ènìyàn náà yàn. Bí àwọn tó ń yàn bá fẹ́ràn irú ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀rọ náà yóò fẹ́ràn rẹ̀ jù wọ́n lọ.

Ìpele kejì yìí ni Alex Hern gbé àlàyé rẹ̀ lé nínú The Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àárín oṣù Kẹrin ọdún 2024. Ó ní àwọn ilé-iṣẹ́ AI máa ń gbé irú iṣẹ́ yìí fún àwọn tí owó iṣẹ́ wọn kò pọ̀ ní Áfíríkà, pé ní Nàìjíríà, “delve” wọ́pọ̀ nínú òyìnbó iṣẹ́ ju bó ṣe wọ́pọ̀ ní England tàbí Amẹ́ríkà lọ. Bóyá, ó ní, àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ló kọ́ ẹ̀rọ náà ní òyìnbó tiwọn, tí wọ́n wá ń fi òyìnbó kan náà pè wọ́n ní ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gba àlàyé yìí gbọ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí ó dun-ni, ó sì jọ òótọ́.

Àmọ́ àwọn ohun kan wà tí kò bá a mu. Ní 2022, OpenAI gbé ìwé kan jáde lórí InstructGPT, ẹ̀rọ tó ṣáájú ChatGPT. Nǹkan bí 40 ènìyàn ló bá wọn ṣe iṣẹ́ yíyàn náà. Nígbà tí wọ́n bi àwọn kan nínú wọn, 19, léèrè ibi tí wọ́n ti wá, àwọn ará Philippines àti Bangladesh ló pọ̀ jù, àwọn ará Amẹ́ríkà tẹ̀lé wọn. Ará Zimbabwe wà níbẹ̀. Kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan nínú àwọn tó dáhùn. Ènìyàn 19 kéré, InstructGPT kì í sì í ṣe ChatGPT, nítorí náà èyí kò pa àbá Hern. Ó kàn fi hàn pé àbá ṣì ni.

Àwọn kan tún máa ń fi ìròyìn TIME ti oṣù Kìíní 2023 gbe àbá yìí lẹ́sẹ̀. Ìròyìn yẹn sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ní Kẹ́ńyà, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Sama, ń gba owó tí kò tó dọ́là 2 ní wákàtí kan láti ka àwọn ọ̀rọ̀ burúkú, ìwà ipá àti ìbálòpọ̀ ọmọdé, kí wọ́n sì sàmì sí wọn fún OpenAI. Ọ̀rọ̀ ìròyìn náà wúwo lọ́kàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ sísẹ́ ìdọ̀tí kúrò ni iṣẹ́ wọn, kì í ṣe iṣẹ́ yíyan èsì tó dùn jù. Ìyà tó jẹ wọ́n tó gbọ́ fúnra rẹ̀, kò dìgbà tí a bá so “delve” mọ́ ọn.

Ní Florida State University, Tom Juzek àti Zina Ward béèrè ìbéèrè yìí gan-an lórí ọ̀rọ̀ 21 tí ẹ̀rọ ń lò ju bó ṣe yẹ. Wọn kò rí i pé bí wọ́n ṣe to inú ẹ̀rọ náà tàbí ìwé tí wọ́n da sí i ló fà á. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lára ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bá ti ìpele yíyàn mu. Nígbà tí wọ́n wá gba ènìyàn láti yàn bí àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe ń ṣe, ìṣe wọn sí “delve” kò jọ ìṣe wọn sí àwọn ọ̀rọ̀ yòókù. Ó ṣeé ṣe kí ariwo náà ti dé etígbọ̀ọ́ wọn ṣáájú.

Kí ló dé tí inú fi bí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó bẹ́ẹ̀?

Ẹni tó bá ti jókòó nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà rí á mọ̀. Nínú ìdánwò WAEC, ẹgbẹ́ tó ti ń ṣètò ìdánwò káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti 1952, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè wo ọ̀rọ̀ kan kó yan èyí tó sún mọ́ ọn jù ní ìtumọ̀. Nínú àròkọ, bí ọmọ bá lo “look at” lẹ́ẹ̀mẹta, olùkọ́ á fa ìlà pupa sí i, á ní ṣé ọ̀rọ̀ mìíràn kò sí ni? Àwa kan ní ìwé kékeré tí a ń kọ ọ̀rọ̀ tuntun sí lójoojúmọ́. Nínú dìbéètì ilé ẹ̀kọ́, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti kí alága, àwọn adájọ́ àti ẹni tó ń wo aago tán, ohun tó máa ń tẹ̀ lé e lẹ́nu ọ̀pọ̀ ni “before I delve into the topic”. Inú ìwàásù, ibi ìpàdé ẹgbẹ́, ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbi iṣẹ́, ẹ óò gbọ́ ọ.

Ìtàn rẹ̀ gùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, òyìnbó tó mọ́ geere ni kọ́kọ́rọ́ sí iṣẹ́ akọ̀wé, iṣẹ́ ìjọba àti iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Ẹni tó bá gbọ́ ọ dáadáa làwọn òyìnbó ń gbà fún. A wá sọ ohun tí wọ́n fi ń dán wa wò di ohun ọ̀ṣọ́ ara wa. Gírámà ńláńlá K. O. Mbadiwe kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn, ti Patrick Obahiagbon náà sì wà níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dunni nìyí: àwọn tó ní ká kọ́ òyìnbó gíga, ká tó lè rọ́wọ́ mú, làwọn ọmọ èdè wọn wá ń sọ báyìí pé òyìnbó gíga náà ni àmì èké.

Òyìnbó tí a ń sọ náà sì ti di tiwa. Ìwé atúmọ̀-èdè Oxford fi ọ̀rọ̀ Nàìjíríà bí “okada”, “danfo”, “mama put” àti “next tomorrow” kún ti rẹ̀ ní 2020, ó sì fi “japa” kún un lẹ́yìn náà. Bí Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà bá jẹ́ ẹ̀ka tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, a jẹ́ pé ohun tó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀ kò ní láti jẹ́ ohun tó wọ́pọ̀ ní California.

Kì í ṣe ohùn kan ni gbogbo wa fi sọ̀rọ̀ o. Àwọn ọmọ Nàìjíríà kan wà tí wọ́n ní Graham kò ṣìnà pátápátá, pé gírámà líle náà jẹ́ àpá tí ìjọba amúnisìn fi sílẹ̀, pé ó yẹ ká kọ́ bí a ṣe ń kọ̀wé kó yé ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn mìíràn ní ìyẹn ọ̀rọ̀ ilé ni, kì í ṣe ohun tí àlejò yóò fi mú wa ní ọ̀daràn.

Ṣé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè fi hàn pé ẹ̀rọ ló kọ̀wé?

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù nìyí, nítorí òun ni owó, ìwé ẹ̀rí àti orúkọ rere ènìyàn so mọ́.

Ká ní ní ìlú kan, ènìyàn 1 péré nínú 1,000 ló ń dé fìlà abetí ajá. Bí ẹ bá débẹ̀ lọ́la tí ẹ bá 25, ó tọ́ kí ẹ béèrè pé ta ló ń pín fìlà kiri. PubMed ni ìlú yẹn. Níbẹ̀, ẹni tó bá rí “delves” ní 2024 tó sì fura pé ọwọ́ ẹ̀rọ wà níbẹ̀ kò ṣi ìṣirò, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí i níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ wá gbéra, ẹ lọ sí ìlú kejì, níbi tí àwọn àgbàlagbà ti ń dé abetí ajá láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ kò lè na ìka sí ọkùnrin kan níbẹ̀ kí ẹ ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pín tirẹ̀ fún un ni. Fìlà kan náà ni. Ìlú ló yàtọ̀. Ẹni tó mú ohun tí wọ́n kà nínú ìwé ìṣègùn wá fi dá ímeèlì láti Ìbàdàn lẹ́jọ́ ti gbé ìṣirò ìlú kìíní wá sí ìlú kejì. Èmi kò rí ìdáhùn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí àtakò yìí láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lo “delve” bí àmì.

Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe láti máa tú ìwé AI fó náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀. OpenAI fúnra rẹ̀ gbé irú rẹ̀ kan jáde ní oṣù Kìíní 2023. Nínú àyẹ̀wò tiwọn, ìdá 26 nínú 100 ìwé tí AI kọ ló dá mọ̀, ó sì pe ìdá 9 nínú 100 ìwé tí ènìyàn kọ ní iṣẹ́ AI. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀ nítorí àṣìṣe rẹ̀ pọ̀ jù. Ní oṣù Kẹjọ, Vanderbilt University ní Amẹ́ríkà pa irinṣẹ́ tí Turnitin, ilé-iṣẹ́ tó ń bá iléèwé yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò, fi ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ìwádìí tó yẹ kí gbogbo olùkọ́ kà ni ti àwọn ará Stanford, tó jáde ní 2023. Wọ́n fi ẹ̀rọ atúnifó 7 yẹ àròkọ TOEFL 91 wò, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn máa ń ṣe. Ènìyàn ló kọ gbogbo rẹ̀. Ní ìpíndọ́gba, àwọn ẹ̀rọ náà pe ìdá 61 nínú 100 wọn ní iṣẹ́ AI. Àròkọ 18 wà tí gbogbo ẹ̀rọ méjèèje fẹnu kò lé lórí pé kì í ṣe ènìyàn ló kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní àròkọ àwọn ọmọ iléèwé Amẹ́ríkà, wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe àṣìṣe.

Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń wò ni bóyá ọ̀rọ̀ tó kàn rọrùn láti sọtẹ́lẹ̀. Ẹni tó kọ́ èdè nínú ìwé máa ń mú ọ̀rọ̀ tó dá a lójú, ọ̀nà tó mọ̀ ló máa ń tọ̀. Sí ẹ̀rọ, ìṣọ́ra yẹn jọ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Nígbà tí àwọn ará Stanford wá ní kí ChatGPT fi ọ̀rọ̀ tó le sí i sínú àwọn àròkọ TOEFL náà, àwọn tí wọ́n pè ní iṣẹ́ AI dínkù gan-an. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ di afurasí. Nígbà tí ẹ̀rọ bá a tún un ṣe, wọ́n ní ó ti mọ́. Ní ti Nàìjíríà, ọ̀nà méjèèjì ni ẹsẹ̀ ọmọ wa ti lè kọ́: bí òyìnbó rẹ̀ bá rọrùn, atúnifó lè mú un, bó bá ga, ẹni tó kórìíra “delve” lè mú un.

Ibo lọ̀rọ̀ dé báyìí?

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kúrò nínú ìwé. Àwọn olùwádìí ní Max Planck Institute for Human Development ní Berlin gbọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi ẹnu sọ nínú fídíò YouTube, wọ́n sì rí i pé “delve” àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pọ̀ lẹ́nu ènìyàn lẹ́yìn tí ChatGPT dé. Ẹni tó ń ka iṣẹ́ ẹ̀rọ lójoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀ láìmọ̀. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àti ọ̀rọ̀ ènìyàn ti wọnú ara wọn.

Nínú ìwé, òdì-kejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀. Lórí arXiv, níbi tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń gbé iṣẹ́ wọn síta, “delve” bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ kété lẹ́yìn ariwo ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Lílo AI kò dínkù níbẹ̀ o. Ó jọ pé àwọn òǹkọ̀wé ló ti gbọ́: wọ́n á sọ fún ẹ̀rọ pé kó má lò ó, tàbí kí wọ́n fọwọ́ ara wọn pa á rẹ́ kí wọ́n tó fi ìwé ránṣẹ́. Ẹni tó mọ̀ pé òun ní nǹkan fi pamọ́ ti mú ọ̀rọ̀ náà kúrò. Ẹni tó ṣeé ṣe kó kù sí lọ́wọ́ ni ọmọ tí kò sí lórí X lọ́jọ́ tí wọ́n ń jà, tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ní kaféè, tó ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ pẹ̀lú òyìnbó tí olùkọ́ rẹ̀ kọ́ ọ.